Òróró Ń Dúró, Òórùn Ń Fò: Ohun Tí À Ń Fi Pa Ara àti Irun Wa

Ní ọjà Ṣábẹ, ìyá tó mọ òrí kì í dá iye lé e kó tó gbóòórùn rẹ̀. Yóò fi èékánná bu bíńtín, yóò rà á mọ́ àtẹ́lẹwọ́ títí yóò fi yọ́, yóò sì gbé ọwọ́ sí imú. Kí ó tó gbé ọwọ́ náà kúrò, ó ti mọ̀ bóyá orí iná ni wọ́n ti gbẹ kóro rẹ̀ tàbí inú oòrùn, bóyá omi ṣẹ́kù sínú rẹ̀, àti bóyá òrí ọdún yìí ni tàbí ti èṣí.

Ní Àjàṣẹ́ àti ní Kútọnu, àwọn ọmọ ìyá kan náà ń ra òrí nínú ike kékeré olómọrí. Ó funfun, ó ń ta sánsán bí òdòdó, karité ni wọ́n sì kọ sí i lára. Bí wọ́n bá wá sílé fún ọdún, tí ìyá àgbà gbé igbá òrí jáde, wọn a yínmú: "Ìyá, eléyìí ń rùn." Ìyá àgbà a rọra gbé igbá rẹ̀ padà sí yàrá. Ó mọ̀ pé òrí òun dára, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi í bí òun ṣe mọ̀.

Ìdí nìyí tí a fi kọ àlàyé yìí fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwádìí nípa àṣà wa. A fẹ́ sọ ohun tí òróró igi ń ṣe lára awọ àti irun, ohun tí òórùn ń ṣe, àti ìdí tí kò fi yẹ kí a máa fi ọ̀kan wọn èkejì.

Ohun méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé èdè Faransé ń pe ohun méjì tó yàtọ̀ síra ní huile. Èkíní ni òróró tí à ń rí nínú kóro tàbí nínú ẹran èso: òrí, àdín, epo pupa, òróró àgbọn, òróró lárà. Ọ̀rá ni gbogbo wọn. Wọ́n wúwo, wọ́n ń yọ̀ lọ́wọ́, wọn kì í fò lọ. Èkejì ni oje olóòórùn tí wọ́n ń fi ooru omi gbígbóná fà yọ láti inú ewé, òdòdó tàbí èèpo, irú bí oje koríko ọba, efinrin, kànáfùrù àti èèpo ọsàn. Ìyẹn ni Faransé ń pè ní huile essentielle. Huile ni wọ́n pè é lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rá nínú rẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni àwọn èròjà wẹ́wẹ́ tó ń fò sínú afẹ́fẹ́ tó fi ń dé imú wa.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìyàtọ̀ yìí fúnra rẹ̀ lè wá pépà funfun kan. Kí ó kán òróró àgbọn sí apá ọ̀tún, kí ó kán oje koríko ọba sí apá òsì, kí ó sì fi pépà náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Apá ọ̀tún yóò ti ní àmì ọ̀rá tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, àmì náà kò sì ní lọ. Apá òsì yóò ti gbẹ. Bí ohunkóhun bá kù níbẹ̀, kò ju àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Òróró dúró, òórùn ti fò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí pépà yìí náà ló ń ṣẹlẹ̀ lára wa. Awọ ara ní ọ̀rá tirẹ̀, tó so ó pọ̀ bí amọ̀ ṣe ń so òkúta ògiri pọ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, tàbí tí ọṣẹ líle bá ti fọ ọ̀rá yìí dànù, omi inú ara a máa rí ọ̀nà jáde. Ara a funfun, ètè a bó, gìgísẹ̀ a là. Òróró tí a fi pa ara ń dí ojú ọ̀nà wọ̀nyí kí omi má baà jáde, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò ní omi láti fún awọ. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá wa fi ń fi òrí pa ọmọ ní kété tí wọ́n bá wẹ̀ ẹ́ tán, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì tutù díẹ̀. Ẹni tó bá dúró títí ara fi gbẹ táútáú kó tó para ti pàdánù ìdajì èrè rẹ̀. Òórùn kò ní ọwọ́ nínú iṣẹ́ yìí rárá. Imú ló ń ṣiṣẹ́ fún.

Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti òróró rẹ̀

Ẹni tó bá gbéra láti etí òkun lọ sí Ṣábẹ yóò rí i pé bí ilẹ̀ ṣe ń yí padà ni òróró ń yí padà. Létí òkun, àgbọn ni. Láti Àjàṣẹ́ dé Ṣakété àti Ìpóbẹ̀, ọ̀pẹ ló gbalẹ̀. Ní Ìpóbẹ̀ náà ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà láti 1922. Bí a bá ti kọjá Kétu, ọ̀pẹ a bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ọ̀dàn a gbalẹ̀, nígbà tí a ó bá sì fi dé Ṣábẹ, ilé òrí la dé yẹn. Àwọn Ifẹ̀ tó wà ní agbègbè Atakpamé ní Tógò náà ń gbé níbi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé.

Igi òrí kì í sábà jẹ́ igi tí a gbìn. Ó ń hù fúnra rẹ̀, àgbẹ̀ tó ń ṣán oko a sì dá a sí. Ó lè tó ọdún 15 sí 20 kí ó tó so dáadáa, nítorí náà ẹni tó bá gé igi òrí kan lulẹ̀, iṣẹ́ ìran kan ló gé. Àwọn obìnrin ló ń ṣa èso rẹ̀ nígbà òjò. Wọ́n á se kóro rẹ̀, wọ́n á sá a, wọ́n á fọ́ èèpo rẹ̀, wọ́n á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á wá fi omi pò ó, wọ́n á máa fi ọwọ́ lù ú títí ọ̀rá yóò fi funfun tí yóò sì léfòó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fọ̀ ọ́, tí wọ́n á sè é, tí wọ́n á sì jẹ́ kó dì.

Nínú ọ̀rá òrí, ohun tó ju 80 lọ nínú 100 jẹ́ ásíìdì méjì péré, oleic àti stearic. Oleic ló ń jẹ́ kó yọ̀ lára, stearic ló ń jẹ́ kó dì nínú igbá. Ó ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 32 sí 37 lórí Sẹ́ńtígíréédì, èyí tó sún mọ́ ooru ara ènìyàn gan-an. Àwọn àgbà ti sọ èyí lọ́nà tiwọn pé ẹni tó ru òrí kì í rin oòrùn. Yàtọ̀ sí èyí, apá kan wà nínú òrí tí kì í di ọṣẹ bí a tilẹ̀ da omi eérú lé e. Apá yìí pọ̀ nínú òrí ju bó ṣe pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ òróró mìíràn lọ, ibẹ̀ ni àwọn èròjà tó ń rọ awọ tó wú tàbí tó pọ́n sì wà.

Ọ̀pẹ kan náà ló ń fún wa ní òróró méjì. Epo pupa wá láti inú ẹran ẹyìn. Èròjà tó ń jẹ́ kí kárọ́ọ̀tì pọ́n ló mú kó pupa, ó sì ń ba aṣọ jẹ́. Ẹnu ló bá mu ju ara lọ. Àdín wá láti inú èkùrọ́, òun sì ni òróró ara ní agbègbè ọ̀pẹ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ọ̀rá àdín tó jẹ́ ásíìdì lauric, bẹ́ẹ̀ náà ni ti àgbọn. Lauric kéré lára, ìyẹn ló fi lè wọ inú fọ́nrán irun. Ní 2003, àwọn onímọ̀ ará Íńdíà tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé òróró àgbọn dín purotéènì tó ń jáde kúrò nínú irun kù nígbà tí a bá ń fọ irun tí a sì ń yà á. Òróró tí wọ́n fa yọ láti inú epo rọ̀bì àti òróró òdòdó oòrùn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kò dán àdín wò nínú ìwádìí yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rá àdín àti ti àgbọn jọra gan-an. Àwọn ìyá tó máa ń fi àdín pa irun ọmọbìnrin kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, tí kì í ṣe lẹ́yìn fífọ̀ nìkan, mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Òróró lárà yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Nǹkan bí 90 nínú 100 ọ̀rá rẹ̀ jẹ́ ásíìdì kan ṣoṣo tí a kì í sábà rí níbòmíràn, ricinoleic. Òun ló mú kó ki, kó sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ó ń mú irun dán, ó ń bò ó kó má tètè ṣẹ́. Pé ó ń hu irun, bí ọ̀pọ̀ olùtajà ṣe ń polówó rẹ̀, kò tíì ní ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Kí a má gbàgbé ọṣẹ dúdú. Bí òróró bá ti pàdé omi eérú tó sì ti di ọṣẹ, kì í ṣe òróró mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó ìdọ̀tí kúrò, ó sì lè kó ọ̀rá ara mọ́ ọn. Ẹni tó bá fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ para.

Àwọn baba ńlá wa kò ka òróró kan sí òmíràn. Níwájú Ọbàtálá, òrí ni, kì í ṣe epo pupa. Àdín sì ni èèwọ̀ Èṣù. Bí wọ́n ṣe kó àwọn ènìyàn wa gba orí òkun lọ, wọ́n mú ìmọ̀ yìí dání. Ní Brazil, orí ahọ́n àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà, ori ni orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ní Cuba, níbi tí òrí ti ṣòro rí, ọ̀rá kòkó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ níwájú Ọbàtálá: wọ́n wá ọ̀rá igi mìíràn tó mọ́ àwọ̀, tó ń dì, tó sì ń yọ́ lára bíi ti òrí. Ìwà òróró ni wọ́n tẹ̀ lé nígbà tí òróró náà fúnra rẹ̀ kò sí.

Ohun tí òórùn òrí ń sọ

Ṣé òrí ìyá àgbà ń rùn lóòótọ́? Ó ní òórùn, òórùn náà sì ní ìtumọ̀. Bí ó bá ń rùn bí ẹ̀pà yíyan fẹ́ẹ́rẹ́, yíyan rẹ̀ ló ṣe dáadáa. Bí òórùn èéfín bá le nínú rẹ̀, orí iná ni wọ́n ti gbẹ kóro rẹ̀. Kí a má ṣe fi èyí yangàn pé òun ni ojúlówó, nítorí èéfín ń kó èròjà tí ara kò nílò sínú òrí. Kóro tí a bá sè, tí a sì sá sínú oòrùn ló ń fúnni ní òrí tó dára jù. Bí ó bá ń ta kíkan, tó ń ta mọ́ni nímú bí òróró àkàrà tí wọ́n ti lò nígbà púpọ̀, ó ti pẹ́ tàbí omi ti wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ àti omi ti ba ọ̀rá rẹ̀ jẹ́. Àdín náà rí bẹ́ẹ̀. Àdín dúdú tí wọ́n fi iná dín jáde nínú èkùrọ́ ní òórùn jíjó, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ fún mọ́ àwọ̀, òórùn rẹ̀ sì fẹ́lẹ́.

Ilé iṣẹ́ ń mú gbogbo òórùn yìí kúrò. Wọ́n ń fi amọ̀ kan yọ àwọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń fi ooru omi tó ju ìwọ̀n 200 lọ lé òórùn rẹ̀ jáde. Ohun tó kù funfun, kò sì rùn. Òrí ṣì ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lára. Ẹni tí kò bá lè gba òórùn òrí mọ́ra lè lò ó láìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ohun méjì ti bá a lọ. Èkíní ni díẹ̀ lára apá tí kì í di ọṣẹ tí a mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan. Èkejì ni ẹ̀rí. Imú kò lè sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é mọ́, kò sì lè sọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Bí wọ́n bá wá da òórùn òdòdó lé e, òórùn náà lè bo òróró tó ti ń bàjẹ́ mọ́lẹ̀. A wá ń sanwó fún ohun tí kò jẹ́ kí a mọ ohun tí a rà.

Ibi tí àwọn àgbà fi òórùn dídùn sí

Kì í ṣe pé àwọn àgbà kò fẹ́ràn òórùn dídùn. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, àmọ́ ààyè tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Tùràrí ni wọ́n ń sun kí èéfín rẹ̀ wọ inú aṣọ àti yàrá. Kànáfùrù ni wọ́n ń fi sáàárín aṣọ nínú àpótí. Lọ́fínńdà ni wọ́n ń fọ́n sí aṣọ òde. Òróró àti osùn ló wà fún awọ ara. Bí a bá gbé ìyàwó, tàbí tí obìnrin bá bímọ, osùn tí a lọ̀ lórí ọlọ ni a ń fi òrí tàbí àdín pò, tí a fi ń pa á lára.

Ọ̀rọ̀ náà lọ́fínńdà ní ìtàn tirẹ̀. Orúkọ òdòdó kan ni, lavender, tí omi olóòórùn rẹ̀ gba ọjà wa dé. Títí di òní, ọ̀kan nínú àwọn èròjà tó pọ̀ jù nínú òdòdó yẹn ni linalool. Linalool tuntun kò sábà yọ ènìyàn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ti ń kàn án fún ọjọ́ pípẹ́ nínú ìgò tí a ń ṣí, a máa yí padà di ohun tí ara àwọn kan kò gbà: ọrùn á yún, abíyá á sú. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà ní tirẹ̀. Ẹni tó bá fi omi rẹ̀ tàbí oje èèpo rẹ̀ pa ara, tó sì bọ́ sínú oòrùn, ara rẹ̀ lè bó bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí, àmì dúdú a sì pẹ́ lára rẹ̀. Nítorí náà, pé ohun kan wá láti ara igi kò sọ pé ara gbogbo ènìyàn ló gbà á.

Bí a ṣe ń ka ara ìgò

Orúkọ Látìnì ni wọ́n fi ń kọ òróró sára ìgò, kí orílẹ̀-èdè gbogbo lè kà á bákan náà. Butyrospermum Parkii Butter ni òrí. Elaeis Guineensis Kernel Oil ni àdín. Bí kò bá sí Kernel níbẹ̀, epo pupa ni. Cocos Nucifera Oil ni òróró àgbọn, Ricinus Communis Seed Oil sì ni òróró lárà. Paraffinum Liquidum àti Petrolatum kì í ṣe ti igi rárá. Inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti wá, fàsìlíìnì ni ọ̀kan nínú wọn. Wọn kì í ṣe májèlé, fàsìlíìnì tilẹ̀ mọ omi ara dá dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó san owó òrí kò yẹ kó gbé fàsìlíìnì lọ sílé.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ìgò ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà èyí tó tẹ̀ lé e, títí dé àwọn tí kò tó ìdá kan nínú 100, tí wọ́n lè tò bó ṣe wù wọ́n. Nítorí náà, bí àwòrán èso òrí bá tóbi níwájú ìgò, tí orúkọ òrí sì wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá Parfum, a mọ̀ pé àwòrán ni wọ́n tà fún wa.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Parfum, àmọ́ àpapọ̀ ọ̀pọ̀ èròjà lè fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Láti 2003 ni òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ní kí wọ́n máa dárúkọ èròjà òórùn 26 tó sábà ń bá ara jà, bí wọ́n bá ti kọjá ìwọ̀n kékeré kan. Òfin 2023 ti sọ iye náà di ohun tó lé ní 80. Ìdí nìyí tí à ń rí orúkọ bíi Linalool, Limonene, Citral àti Eugenol lẹ́yìn Parfum lára àwọn ìgò tó wá láti ibẹ̀. Wọn kì í ṣe àjèjì sí wa bí orúkọ wọn ṣe rí: Limonene wà nínú èèpo ọsàn, Citral ló ń jẹ́ kí koríko ọba ta sánsán, Eugenol ni òórùn kànáfùrù. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kọ ìpara kan rí, kí ó ka àwọn orúkọ yìí kó tó ra òmíràn, tàbí kí ó wá èyí tí wọ́n kọ sans parfum sí.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ọwọ́

Awọ ọmọ tuntun fẹ́lẹ́, ohun tí a fi pa á ń tètè wọlé. Òróró tí kò ní òórùn àfikún ló yẹ ẹ́, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn ìwẹ̀. Ìpara olóòórùn ńlá àti róòbù tó ń ta lára kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń fi káńfọ̀, èyí tí Faransé ń pè ní naphtaline, sáàárín aṣọ ọmọ kó lè máa ta sánsán, kí kòkòrò má sì jẹ ẹ́. Ní ilẹ̀ wa, àwọn ọmọ tí èròjà ẹ̀jẹ̀ tí dókítà ń pè ní G6PD kò tó lára wọn kò wọ́n. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn káńfọ̀ yìí símú, tàbí tó wọ aṣọ tó ti kó o, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́, ibà pọ́njú a sì mú un. Ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, ó sì lè pa á. Bí ojú ọmọ tuntun tàbí ara rẹ̀ bá di pupa rúsúrúsú, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Aṣọ ọmọ kò nílò ju omi, ọṣẹ àti oòrùn lọ. Àṣà àwọn àgbà láti fi òórùn síbi tirẹ̀ dára, ṣùgbọ́n káńfọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn àgbà. Ọjà ló gbé e wá.

Iṣẹ́ tó kù fún wa

Igi òrí ṣì wà ní Ṣábẹ, ọ̀pẹ ṣì wà ní Àjàṣẹ́. Ìmọ̀ imú ló ń lọ, nítorí kò sí nínú ìwé, kò sì sí lára ìgò. Àwọn ìyá tó ní in ń dàgbà, àwa ọmọ wọn sì ń yínmú sí igbá wọn.

A bẹ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, bí ẹ bá lọ sílé fún ọdún tó ń bọ̀, ẹ jókòó ti ìyá kan tó mọ òrí tàbí àdín ṣe. Ẹ bi í ní orúkọ tó ń pe òrí tó dára, èyí tó kan, èyí tó jó. Ẹ bi í bí òun ṣe ń mọ̀ wọ́n. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, ní ẹ̀ka èdè tirẹ̀, ì báà jẹ́ ti Kétu, ti Ṣábẹ, ti Àjàṣẹ́ tàbí ti Ifẹ̀. Kí ẹ tó dìde, ẹ ní kó bu òrí díẹ̀ sí yín lọ́wọ́, kí ẹ rà á títí yóò fi yọ́, kí ẹ sì gbé e sí imú.